Ohun tí Ó-ṣojú-mi sọ lẹ́yìn gíláàsì

Kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀ nígbà tí Ó-ṣojú-mi kú. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí ṣáájú ohunkóhun, nítorí ká ní òun ló ń kọ ìtàn yìí ni, ẹ̀ bá ti wà nínú yàrá rẹ̀ báyìí, ẹ̀ bá máa gbọ́ bó ṣe ń mí, ẹ̀ bá sì máa rí ohun tí ojú rẹ̀ ń wò. Èmi kò lè ṣe irú ìyẹn fún yín. Ilé mi ni mo wà lọ́jọ́ náà, mò ń lọ aṣọ, inú sì ń bí mi sí i. Ó ti di ọ̀sẹ̀ méje tí a kò ti bára wa sọ̀rọ̀.

Ọ̀gá tó ni ilé ìtẹ̀wé wa ló ní kí n kọ ọ́. Ó ní, "Àǹtí, ta la tún fẹ́ pè? Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù." Òótọ́ ni. Ó-ṣojú-mi kò bímọ. Ìyàwó rẹ̀ ti kó jáde láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú, àbúrò kan ṣoṣo tó ní sì wà lókè òkun, fóònù rẹ̀ kò lọ. Ọdún méjìlélógún ni èmi àti rẹ̀ fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ òrùlé kan náà. Nítorí náà mo jókòó, mo fa ìwé sún mọ́ra. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ mọ̀, tí n kò sì rí ẹni bi, ni pé ṣé ó bá mi bínú títí ó fi kú.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń kọ ìtàn ìgbésí ayé àwọn tó bá kú. Bí èèyàn bá kú, ẹbí rẹ̀ á wá sọ́dọ̀ wa pẹ̀lú fọ́tò, ọjọ́ ìbí, orúkọ àwọn ọmọ, àti iṣẹ́ tí olóògbé ṣe. Ó-ṣojú-mi ni yóò sọ gbogbo rẹ̀ di ìtàn ojú ewé mẹ́rin, a ó tẹ̀ ẹ́, wọ́n á pín in níbi ìsìnkú. Níbòmíràn, ìtàn kan náà ni wọ́n ń kọ fún gbogbo òkú, orúkọ nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀. Onínúure ni, ó fẹ́ràn ọmọ, àlàfo tó fi sílẹ̀ kò ṣeé dí. Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ bá aládùúgbò jà lórí ìdọ̀tí náà, onínúure ni. Ó-ṣojú-mi kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Kì í kọ ọ̀rọ̀ kan láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ lọ jókòó sí yàrá ẹni tó kú. Á bẹ ẹbí pé kí wọ́n fi òun nìkan sílẹ̀ níbẹ̀ fún wákàtí kan tàbí méjì. Á jókòó sórí àga olóògbé gan-an. Á wo ibi tí ọwọ́ ti pa apá àga dán, ẹ̀gbẹ́ bàtà tó jẹ, ibi tí ibùsùn ti jìn wọnú, àti ohun tí ọwọ́ á kọ́kọ́ bà bí èèyàn bá na apá látorí ìjókòó. Kì í kọ nǹkan kan sílẹ̀ níbẹ̀. Bó bá padà dé, á mu omi ife kan, á sì bẹ̀rẹ̀. Ohun tó bá kọ, ẹ ó rò pé abẹ́ ibùsùn olóògbé ló ti ń gbé láti ọjọ́ yìí. "Láràárọ̀, kó tó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, á kọ́kọ́ gbọn tòsì lẹ́ẹ̀mejì, nítorí àkekèé kan tó ta á nígbà èwe." Ọmọ olóògbé á kà á, á la ẹnu sílẹ̀. "Bàbá, ta ló sọ fún yín?" Ó-ṣojú-mi á kàn rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Ó-ṣojú-mi nìyẹn. Àwọn tó fẹ́ fi í ṣẹ̀fẹ̀ dáadáa a máa fi "kòró" kún un.

Ìyàwó rẹ̀ náà fi í ṣẹ̀fẹ̀ kó tó lọ. Ó ní ọkọ òun mọ ohun tí gbogbo òkú ìlú ń ṣe láàárọ̀, kò sì mọ̀ pé òun ti fi oṣù mẹ́ta di ẹrù òun díẹ̀díẹ̀ lójú rẹ̀. Ó-ṣojú-mi fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, ó sì rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀.

Èmi ni mò ń ka ohun gbogbo ká tó tẹ̀ ẹ́. Àmì tó ṣìnà, ọjọ́ ìbí tí kò bára mu, ọmọ kẹrin tí wọ́n kọ ṣáájú ọmọ kẹta, tí ìjà á sì tìtorí rẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ níwájú pósí, èmi ni mò ń wá wọn jáde. Pẹ́ńsùlù kì í kúrò létí mi, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Àǹtí Pẹ́ńsùlù. Orúkọ tí àwọn tí kò fẹ́ràn mi ń pè mí wà lọ́tọ̀, n kò sì ní í kọ ọ́ síbí. Láti ọdún tí mo dé ni mo ti ń kọ ìbéèrè kan ṣoṣo sí etí ìwé Ó-ṣojú-mi: Ta ló rí i?

Màá gbé ìwé náà lọ bá a. "Ẹ̀gbọ́n, obìnrin yìí ò lọ́kọ, kò bímọ, òun nìkan ló ń gbé. Ta ló rí i tó ń bá ìkòkò sọ̀rọ̀?"

"Ìkòkò náà rí i."

"Ẹ lọ mú un wá kó wá jẹ́rìí."

"Àbúrò, etí ìkòkò yẹn ti já lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ti fi wáyà so ó lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣé ohun téèyàn ò kì í bá sọ̀rọ̀ ló máa tọ́jú tó báyẹn?"

"Ìyẹn ò ní kó máa bá a sọ̀rọ̀."

"Ó dáa, fi pẹ́ńsùlù ẹ fagi lé e."

N kò ní í fagi lé e. Òun náà á mú rọ́bà, á pa ìbéèrè mi rẹ́, á sì gbé ìwé lọ síbi ẹ̀rọ. Bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn fún ọdún méjìlélógún. Bí mo bá ní n kò gbádùn rẹ̀, mo parọ́. Ilé tí mò ń padà sí nírọ̀lẹ́, kò sẹ́ni tó ń bá mi jiyàn níbẹ̀.

Ọdún kẹrin tí mo débẹ̀ ni ọkọ mi kú. Ó-ṣojú-mi wá jókòó sórí àga rẹ̀ nílé wa, mo sì dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn bí ẹni tí wọ́n lé síta. Ó kọ ọ́ pé lójoojúmọ́ tí mo bá pẹ́ níbi iṣẹ́, ọkọ mi a máa bọ́ bàtà rẹ̀, a sì tún máa wọ̀ ọ́ padà, nítorí ó fẹ́ wá pàdé mi lọ́nà, ó sì ń bẹ̀rù pé màá ní ó ń ṣọ́ mi. Ìwé yẹn nìkan ni pẹ́ńsùlù mi kò kàn. Mo ṣì ní in nínú dúrọ́ọ̀ mi.

Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan ibi tí nǹkan òun ti bẹ̀rẹ̀. Ìlú òkèèrè ló ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Nígbà tó fi máa dé, wọ́n ti sin ín. Ó ń ti ilé aládùúgbò kan bọ́ sí èkejì, ó ń bi wọ́n pé kí ló sọ, ṣé ó jẹun, ibo ló kọjú sí. Gbogbo wọn ní, "Ó kàn sùn ni." Ó ní gbólóhùn yẹn ni kò jẹ́ kí òun sùn fún ọdún méjì. Ó ní ká ní ẹnì kan jókòó ti òun, kó fi ọwọ́ ìyá òun síbì kan, kó fi ojú rẹ̀ síbì kan, kódà kó jẹ́ irọ́ ló ń pa, òun ì bá sinmi. Irọ́ tó dárúkọ yẹn ni mo dì mú. Mo tọ́jú rẹ̀ dọjọ́ tí màá lò ó.

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, bàbá télọ̀ kan kú, àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì sì wá sọ́dọ̀ wa. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń wo aago. Wọ́n ní àwọn ní àbúrò obìnrin kan, ṣùgbọ́n òun àti bàbá kò bára wọn sọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án. Bàbá fẹ́ kó gba àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ òun, kó máa bá iṣẹ́ lọ. Ọmọ ní òun ti ríṣẹ́ níbòmíràn. Bàbá ní bó bá fi lè kọjá ẹnu ọ̀nà, kó má padà wá. Ọmọ náà kọjá ẹnu ọ̀nà, kò sì padà wá. Agídí tí bàbá ní ló fún un jogún, ẹ kò sì gbọdọ̀ bá a wí.

Ó-ṣojú-mi lọ jókòó sí yàrá bàbá télọ̀ fún ohun tó lé ní wákàtí méjì. Nígbà tó dé, ife omi méjì ló mu. Ó kọ̀wé, mo sì gbà á kà. Nígbà tí mo dé ìparí, mo bá èyí: "Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó kú, ó jókòó ti fèrèsé, ó dárúkọ ọmọbìnrin rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní òun ti dárí jì í, kó wá sílé."

Mo kọ ìbéèrè mi sí etí ìwé, mo tẹ pẹ́ńsùlù mọ́lẹ̀ débi pé ẹnu rẹ̀ kán.

"Ẹ̀gbọ́n, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkòkò o. Ọmọ yẹn wà láàyè. Ó máa kà á."

"Torí kó lè kà á ni."

"Tó bá wá béèrè ńkọ́?"

"Fi sílẹ̀, àbúrò."

Mo fi sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ọwọ́ mi ni ìwé náà ti kúrò lọ síbi ẹ̀rọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ télọ̀ dé. Òwúrọ̀ ni, àpò ìrìn-àjò ṣì wà ní èjìká rẹ̀, ó sì ti ká ìwé náà ní ìkámẹ́rin bí ìgbà tó ti ń kà á lọ́nà. Ó bi Ọ̀gá pé ta ló kọ ọ́. Ọ̀gá mú un lọ sí yàrá kékeré tí Ó-ṣojú-mi ń lò lẹ́yìn. Gíláàsì ni ògiri yàrá náà tó kọjú sí tábìlì mi, nítorí náà mo ń rí wọn kedere. Ṣùgbọ́n Ó-ṣojú-mi ti ilẹ̀kùn, ẹ̀rọ ńlá sì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Kàlẹ́ńdà la ń tẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí ẹ̀rọ yẹn bá ń lọ, bí ẹ pariwo sí mi létí, n kò ní í gbọ́ yín.

Mo rí i tí ọmọ náà tẹ́ ìwé sórí tábìlì, tó fi ìka lé ìlà kan. Mo mọ ìlà tó jẹ́. Ó-ṣojú-mi wò ó títí, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ọmọ náà dìde fùú, mo rò pé ó fẹ́ máa lọ. Ó-ṣojú-mi tún sọ̀rọ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ń fi wọ́n wọn nǹkan nínú afẹ́fẹ́, ó fẹ̀ wọ́n, ó sún wọn mọ́ra. Mo ní, ó ti dé ibi fèrèsé, ó ń júwe bí bàbá ṣe jókòó. Ọmọ náà padà jókòó. Ó fi orí lé tábìlì, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbà tó gbórí sókè, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ nínú ẹkún, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ Ó-ṣojú-mi mú, ó sì lọ. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ojú ni mo wò, mo sì ní mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀.

Lórí ìwé, ó yàtọ̀. Ìwé kì í wo èèyàn lójú. Ṣùgbọ́n kí àgbàlagbà jókòó, kí ó wo ojú ọmọ ọlọ́mọ tó ń sunkún, kí ó tún irọ́ náà pa fún un! Mo dúró kí ẹ̀rọ dákẹ́. Bó ṣe dákẹ́ báyìí, Ó-ṣojú-mi ṣí ilẹ̀kùn, ó ń bọ̀ wá sídìí tábìlì mi. Kò tíì dé tí mo fi bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún sọ ọ́ fún un."

"Kí ni mo sọ?"

"Ẹ má bi mí ní kí ni mo sọ. Ẹ wojú ọmọ yẹn, ẹ ní bàbá ẹ̀ dárúkọ ẹ̀!"

"Àbúrò, ṣé o gbọ́ mi ni?"

"Mo rí yín."

Ó dúró. Ó ní, "O rí mi," pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń tún ọ̀rọ̀ ọmọdé sọ kó lè yé e. Ó yẹ kí n dákẹ́ níbẹ̀. Ẹnu àìmẹ́nu ni tèmi, n kò dákẹ́.

"Torí pé ẹ̀yin ń wá ẹni tó máa parọ́ ikú ìyá yín fún yín," mo ní, "ẹ rò pé irọ́ náà ni gbogbo ayé ń wá kiri."

Àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ gbọ́. Ọ̀gá gbọ́. Ó-ṣojú-mi la ẹnu, ó sì tún pa á dé. Ó lè sọ̀rọ̀ ìwé ọkọ mi sí mi lójú, ẹnu mi ì bá sì wọhò, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́. Ó padà wọ yàrá rẹ̀, ó kó ìwé rẹ̀ sínú àpò, ó kí Ọ̀gá pé ó dàárọ̀, ó sì jáde. Ọ̀sán gangan ni o. Ẹyin lohùn, tèmi ti fọ́ sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè kó o.

Láti ọjọ́ yẹn, ilé rẹ̀ ló ti ń kọ̀wé. Ọ̀gá ló ń bá a gbé e wá, á fi í sórí tábìlì mi láìsọ nǹkan kan. Mo ń kà á, n kò rí ibi fi pẹ́ńsùlù sí. "Gbẹ́nàgbẹ́nà ni olóògbé. Àga mẹ́fà tó kàn wà nínú ilé rẹ̀, ọ̀kan kò dúró dáadáa. N kò mọ ìdí tí kò fi tún un ṣe." Òmíràn: "Wọ́n ní òun nìkan ló wà nílé nígbà tó ṣubú. N kò mọ bó ṣe pẹ́ tó." N kò mọ̀, n kò mọ̀, n kò mọ̀, bẹ́ẹ̀ ló kún inú gbogbo rẹ̀. Mo ní ó ń fi mí ṣẹ̀sín ni. Mo ní, à á mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ rẹ̀ nínú wa.

Èmi ló kọ́kọ́ rẹ̀, n kàn kò jẹ́wọ́ ni. Ilé iṣẹ́ dákẹ́ sí mi létí pẹ̀lú gbogbo ariwo ẹ̀rọ náà. Mo máa ń fi ọ̀rọ̀ tí màá sọ fún un dánra wò nínú bọ́ọ̀sì, màá sì dá ara mi lóhùn pẹ̀lú ohùn rẹ̀. Ìgbà méjì ni mo wọ bọ́ọ̀sì títí dé òpópónà ilé rẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, mo ra búrẹ́dì, mo padà. Nígbà kejì, mo dé ẹnu géètì, mo gbọ́ rédíò rẹ̀ láti òkè, mo ní kí ló dé tí kì í ṣe òun ló ń wá mi, mo padà. Ọ̀sẹ̀ kẹfà nìyẹn.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyá onílé rẹ̀ lọ kan ilẹ̀kùn láti sọ fún un pé omi ti ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ. Kò dáhùn. Wọ́n ní orí àga ló wà, ó ti tó bí ọjọ́ kan.

Mo lọ síbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n gbé e kúrò. Mo bẹ ìyá onílé kó fi èmi nìkan sílẹ̀. Ojú tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an ló jáde lẹ́nu mi. Yàrá kan ni: ibùsùn ẹlẹ́nìkan, tábìlì, rédíò, ife tí etí rẹ̀ ti já, ìwé gègèrè. Mo jókòó sórí àga rẹ̀. Mo wo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti pa igi dán. Mo gbójú sókè, mo sì rí fèrèsé, mo sì rí ọ̀nà, mo rí ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń já èèyàn sílẹ̀. Ó yí àga rẹ̀ sí ojú ọ̀nà. Ó ń retí mi. Mo fa ìwé yọ nínú báàgì, ohun tí Ó-ṣojú-mi kì í ṣe, mo kọ ọ́ síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀: "Ní ọjọ́ ìkẹyìn rẹ̀, ó kọjú sí ọ̀nà, ó ń retí àbúrò rẹ̀ kan." Mo sunkún dáadáa. Lẹ́yìn náà, ara tù mí díẹ̀.

Ìyá onílé yọjú. "Ẹ má bínú, mà. Ẹ fura, ẹsẹ̀ àga yẹn ti ń mì. Èmi ni mo wọ́ ọ síbẹ̀ yẹn, àwọn tó wá gbé wọn ò ráàyè kọjá."

Mo bi í pé ibo ni àga kọjú sí tẹ́lẹ̀.

"Ògiri ni, mà. Wọn ò fẹ́ oòrùn lójú."

Mo ya ìwé náà sí wẹ́wẹ́, mo kó o sínú báàgì, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì lọ sílé.

Ní àná òde yìí, ọmọ télọ̀ dé. Ọ̀gá ti bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù pé Ó-ṣojú-mi kú. Ó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé kan tó fún un díẹ̀ ní èjìká. Ó jókòó níwájú tábìlì mi, ó ní òun fẹ́ kí n fi nǹkan kan sínú ìtàn rẹ̀, tó bá ṣeé ṣe. Mo ní kí ni.

"Mà, mo wá síbí lọ́jọ́ yẹn láti wá bi wọ́n pé ṣé lóòótọ́ ni bàbá mi pè mí. Wọ́n ní rárá. Wọ́n ní, 'Mi ò sí níbẹ̀, ọmọ mi. Kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀. Èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ yẹn sí bàbá ẹ lẹ́nu, kí n tó mọ̀ pé mi ò lẹ́tọ̀ọ́ sí i.' Mo dìde, mo fẹ́ bú wọn. Wọ́n ní kí n dúró. Wọ́n ní ohun tí àwọn rí lóòótọ́ kò ju ẹyọ kan lọ, aṣọ kan tí bàbá mi ti gé tí kò rán, nísàlẹ̀ dúrọ́ọ̀. Wọ́n fi ọwọ́ wọn bó ṣe fẹ̀ tó hàn mí. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì ò mọ ẹni tó ni ín, kí n lọ wọ̀n ọ́n mọ́ra wò. Wọ́n ní ìyẹn nìkan làwọn mọ̀, èmi ni kí n sọ ìyókù fúnra mi."

Ó fa etí aṣọ tó wà lọ́rùn rẹ̀. "Òun rèé. Èmi ni mo rán an. Wíwọ̀n tó gbà fún mi lọ́dún tí mo lọ ló fi gé e."

Wọ́n ní àgbọ́ìgbọ́tán ló ń dá ìjà sílẹ̀. Tèmi burú jùyẹn lọ, n kò gbọ́ rárá. Gbogbo ohun tí mo bá a jà lé lórí, èmi ni mo kọ ọ́, èmi ni mo kà á, kò sì sí etí ìwé níbẹ̀ tí mo ti bi ara mi léèrè.

"Ohun kan tún wà, mà," ọmọ náà ní. "Ẹ̀yin kọ́ lẹ wà níbí lọ́jọ́ yẹn? Wọ́n ní obìnrin kan wà lẹ́yìn gíláàsì tó ti ń kìlọ̀ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn fún ọdún méjìlélógún. Wọ́n ní ká ní àwọn ti gbọ́ tiẹ̀ ni, àwọn ò bá tí dá irú ọgbẹ́ yìí sí mi lára. Wọ́n ní tí ẹ̀rọ bá ti dákẹ́ báyìí, àwọn máa lọ sọ fún un pé òun ló jàre." Ó wò mí lójú. "Ó ti ń ká mi lára látìgbà tí mo ti gbọ́ pé wọ́n ti kú. Ṣé wọ́n sọ fún yín, mà?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n sọ fún mi. Mo ní ọjọ́ yẹn gan-an ni, bí ẹ̀rọ ṣe dákẹ́, a jọ rẹ́rìn-ín sí i.

Ọmọ náà mí kanlẹ̀. Ó ní òun dúpẹ́, ó gbé àpò rẹ̀, ó sì lọ.

Irọ́ ni mo pa fún un. Kò sọ fún mi. Ó ń bọ̀ wá sọ ọ́, n kò jẹ́ kó sọ ọ́.